Fọ́tò ń sọ pé irin mi ti fà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò tíì fà á

Ọmọ_Wẹ́dà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan kan ti ń dà mí láàmú, mo sì gbà pé ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá kò ní ṣàì sí níbí.

Mo ń ṣe máásítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan nílé. Wẹ́dà ni bàbá mi, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé irin tí wọ́n ń tà báyìí ò rí bíi ti àtijọ́, pé ó rọ̀ jù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, kí n lè fi nọ́ńbà dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ yìí nìyẹn: kí n ra irin pẹlẹbẹ ní ọjà bíi mẹ́rin, kí n gé e, kí n fà á títí á fi já, kí n sì wọn bó ṣe ń fà.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń fa irin wà ní láàbù wa, ó sì ń ṣiṣẹ́. Extensometer, ohun èlò tó ń wọn bí irin ṣe ń fà, tó yẹ ká há mọ́ irin lára, ló ti bàjẹ́ kí n tó wọlé. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti lo bí orí ẹ̀rọ ṣe ń gòkè, modulus (nọ́ńbà tó ń sọ bí irin ṣe le láti fà tó) tí mo rí wá jẹ́ 31 GPa (gigapascal). Irin tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 200! Ó yé mi pé ẹnu ẹ̀rọ tó dẹ̀ àti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó ń fà ti dà pọ̀ mọ́ ti irin.

Ìgbà náà ni mo kà nípa DIC (digital image correlation): kí a kun irin, kí a fi àmì sí i lára, kí a máa yà á ní fọ́tò bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á, kí kọ̀ǹpútà wá máa tọ àwọn àmì yẹn lẹ́sẹ̀ láti fọ́tò kan dé òmíràn. Inú mi dùn gan-an, torí mo ní fóònù, Ncorr, sọ́fítíwià tó ń ṣe DIC, náà ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, Matlab ilé ìwé ni mo fi ń lò ó.

Ohun tí mo ṣe rèé. Ibi tí mo fẹ́ wọn lára irin gùn ní 50 mm, ó fẹ̀ ní 12.5 mm, ó nípọn ní 3 mm. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún ní ọ̀dà funfun ti ara ògiri. Mo fi máákà dúdú to àmì sí i lára ní ìlà-ìlà, mo fi rúlà ṣe é kó lè gún régé. Fóònù wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, 400 mm sí irin. Fọ́tò rẹ̀ jẹ́ píkísẹ̀lì 4000 sí 3000, ṣùgbọ́n 50 mm yẹn ò gbà ju nǹkan bíi 360 lọ nínú rẹ̀.

Kí n tó tan ẹ̀rọ rárá, mo ya fọ́tò méjì. Irin dúró, fóònù dúró, ẹ̀rọ wà ní pípa. Nígbà tí mo fi ọ̀kan wé èkejì, Ncorr ní strain (ìwọ̀n bí irin ṣe fà sí gígùn rẹ̀) wà níbẹ̀: ibì kan -0.3%, ibòmíràn +0.4%, pupa àti búlúù káàkiri. Kí ló fa irin tí ẹnikẹ́ni ò fà? Ṣé fóònù ni, ṣé ọ̀dà ni, àbí n kò mọ sọ́fítíwià lò? N kò lówó kámẹ́rà méjì tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń tà o.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

Àbúrò, o kú akitiyan. Má bínú sí irin, má sì tíì ju fóònù dànù. Nínú gbogbo ohun tó o kọ, èyí tó dùn mọ́ mi jù ni fọ́tò méjì tó o yà nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Wọ́n á fa irin tán, wọ́n á rí àwọ̀ mèremère lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á gbé e lọ bá ọ̀gá wọn. Ìwọ ti mọ ìwọ̀n irọ́ tí kámẹ́rà rẹ ń pa kó o tó béèrè òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní láàbù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dòní n kì í bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kankan láìya ogún fọ́tò tí ohunkóhun ò mira nínú wọn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí sọ́fítíwià ń ṣe, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe kan wà. Kò mọ pé àmì ni àmì. Lójú tirẹ̀, píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà láti 0 tó dúdú kirikiri dé 255 tó funfun báláú. Á mú fèrèsé kékeré kan, ká ní píkísẹ̀lì 31 sí 31, èyí tí wọ́n ń pè ní subset. Á wo bí dúdú àti funfun ṣe tò sínú rẹ̀, á wá lọ wá ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú fọ́tò kejì. Tí gbogbo nǹkan bá gún, ó lè mọ̀ pé fèrèsé yẹn ti kúrò ní àyè rẹ̀ bí ìṣípòpadà yẹn ò tilẹ̀ ju ìdá kan nínú àádọ́ta píkísẹ̀lì lọ. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ìwọ wá fi rúlà to àmì. Ká ní o lọ síbi ìnáwó, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ wọ aṣọ ẹbí kan náà, wọ́n wé gèlè kan náà, wọ́n ní kó o fi aṣọ wá ìyá rẹ láti ẹ̀yìn. Ìyá ẹlòmíràn lo máa fọwọ́ kàn léjìká. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Àmì gbọ́dọ̀ fọ́nká láìní ètò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó píkísẹ̀lì mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó kéré tán mẹ́ta wọn wà nínú fèrèsé kan.

Fóònù wá ńkọ́? Fóònù máa ń tún fọ́tò ṣe kó tó fi í pa mọ́. Á mú etí nǹkan mú ṣámúṣámú, á nu ohun tó bá rò pé ó jẹ́ ìdọ̀tí, kì í sì ṣe é bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ǹsì inú rẹ̀ ń mira fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n má bàa ba fọ́tò jẹ́. Ohun tó dára fún ọjọ́ ìbí ni gbogbo ìyẹn, kì í ṣe fún iṣẹ́ wa.

Èyí tó burú jù ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, torí o ò tíì fa irin. Gbọ́. Irin tó máa jọ̀wọ́ ara rẹ̀ (ìyẹn ni pé kó fà láìlè padà sí bó ṣe wà mọ́) ní 250 MPa (megapascal), tí modulus rẹ̀ jẹ́ 200 GPa, ò ní fà ju 0.125% lọ kó tó dé ibẹ̀. Lórí 50 mm rẹ, gbogbo ìfà náà jẹ́ 0.0625 mm, kò ju ìnípọn irun orí kan lọ. Fóònù rẹ wà ní 400 mm. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ bá mú irin, irin máa ń sún díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn kó tó gún. Tó bá sún sọ́dọ̀ fóònù ní 0.5 mm péré, ohun gbogbo nínú fọ́tò á tóbi sí i ní 0.5 nínú 400. Ṣírò ó. 0.125% náà ni! Irin á kàn wúlẹ̀ sún síwájú, ìwọ á sì rò pé ó ti fà dé ibi tó ti ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Kò sí ọ̀dà tó lè wo ìyẹn sàn, kò sí ohun tó o lè tẹ̀ nínú Ncorr.

Jìnnà sí i ni ọ̀nà àbáyọ, kí o sì lo lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Wá ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ládùúgbò rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kámẹ́rà gidi pẹ̀lú lẹ́ǹsì 70-200 mm. Yá a fún ọjọ́ kan. Gbé e sí 1.5 m, lo ojú 200 mm, pa gbogbo ohun tó ń ṣe é fúnra rẹ̀: focus, ìmọ́lẹ̀, ohun tó ń dá ìgbọ̀n dúró. Fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka focus kó má bàa yí. RAW, fọ́tò tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ni kó o fi yà á. Tan kámẹ́rà sílẹ̀ fún wákàtí kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe ń gbóná ni inú rẹ̀ ń fẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí strain irin.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́ fi agbára 1 kN (kilonewton) fa irin kí ẹnu ẹ̀rọ lè mú un dáadáa, kó o tó ya fọ́tò àkọ́kọ́ tí ìyókù máa wé ara wọn mọ́. Kó o sì lẹ ègé irin kékeré kan tí o ti kùn mọ́ ìsàlẹ̀ irin rẹ, lẹ̀ ẹ́ ní etí kan ṣoṣo kó má bàa gbé ẹrù kankan. Strain tó bá hàn lára ègé yẹn, irọ́ ni. Yọ ọ́ kúrò nínú ti irin.

Ọ̀dà_Mọ́tò

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mọ́tò ni mo ń kùn, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé irin wá bá mi fún irú nǹkan yìí gan-an.

Ọ̀dà ògiri nípọn jù, ojú búrọ́ọ̀ṣì sì ń hàn lára rẹ̀. Fi sáńpépà fá irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, fi spirit nù ún, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀dà funfun tí kì í dán ni kó o fọ́n sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá ń dán, iná á máa tàn padà sínú kámẹ́rà.

Ti dúdú ló gba sùúrù. Má kọjú agolo sí irin. Tẹ́ irin sílẹ̀, dúró bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i, fọ́n ọ̀dà sí afẹ́fẹ́ lókè rẹ̀, kí èyí tó fúyẹ́ máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìrì. Èyí tó bá kọ́kọ́ tú jáde lẹ́nu agolo, orí ìwé ìròyìn ni kó o tú u sí, torí ńláńlá ló máa ń wá. Tí o bá tẹ orí agolo dé ìdajì, àmì á tóbi. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ pátápátá, á wẹ́. Fi páálí dánra wò ní ìgbà mẹ́wàá kó o tó kan irin. Nígbà tó bá dára, á rí bí ara ẹtù: o ò ní rí ibi méjì tó jọra, kò sì ní sí ibi tó ṣófo. Tó o bá rí wẹ́dà tàbí akunmọ́tò tó ní ìbọn ọ̀dà onáfẹ́fẹ́, tirẹ̀ á tún wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó o bá kùn ún ni kó o fà á. Ọ̀dà tó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan á sán nígbà tí irin bá fà gan-an, ìwọ á wá máa wọn ọ̀dà dípò irin.

Gúgúrú_àti_Ẹ̀pà

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Strain gauge kan, ègé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin láti wọn bó ṣe ń fà, ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin lára, ó parí.

Ìyá_Irin

Ọmọ mi, má dá ẹni tó sọ̀rọ̀ strain gauge lóhùn pẹ̀lú ìbínú, ó ní ohun tó wúlò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ra ẹyọ kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn irin níbi tí kámẹ́rà ò dé. Irin tí a rà lọ́jà kì í gún tán. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fà á, á tún máa nà án kó gún, nítorí náà ojú kan á fà ju ojú kejì lọ. Ìpíndọ́gba ojú méjèèjì ni strain irin gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ó fi gauge nìkan parí ẹ̀, ẹ má gba ohun tó dára jù lọ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ohun tí irin rírọ̀ máa ń ṣe nígbà tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ni mo ń sọ. Kì í jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan á yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, á dábùú irin ní ìdàgẹ̀rẹ̀, Lüders band ni wọ́n ń pè é. Ibi tí ìlà náà bá ti kọjá ti fà ní ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, iwájú rẹ̀ kò tíì mọ nǹkan kan. Á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹ̀rọ ò sì ní fi agbára kún agbára ní gbogbo àsìkò yẹn. Gauge tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín á dúró láìsọ nǹkan, á wá fò sókè lójijì nígbà tí ìlà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo gauge nìkan á rò pé ó ti bàjẹ́. Fọ́tò á fi ìrìn rẹ̀ hàn ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti kọ́ni nípa ìlà yìí fún ọdún pípẹ́ lórí pátákó, ọjọ́ tí mo rí i tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà ni mo tó rí ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 síwájú ni iṣẹ́ DIC yìí ti ń dàgbà. Peters àti Ranson ní University of South Carolina tẹ ìwé wọn jáde ní 1982, Sutton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà ò sún mọ́ èyí tó wà lọ́rùn fọ́tògíráfà ìgbéyàwó rẹ, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun èlò rẹ kéré jù.

Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí láàbù yín bí? Tó bá wà, pa á, tàbí kí o ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá wà. Ìgbọ̀n rẹ̀ ń gba ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Fáànù náà, pa á.

Ọmọ_Wẹ́dà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé mà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi ní ọ̀dà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mi ò fi wá síbí, iṣẹ́ ni mo ń ṣe.

Mo rí kámẹ́rà yá lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ya fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ wá sí láàbù, kò fẹ́ kí kámẹ́rà jìnnà sí òun, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́ torí ó mọ gbogbo ohun tó yẹ ká pa. 50 mm ti di nǹkan bíi píkísẹ̀lì 2000 báyìí. Páálí mẹ́rìnlá ni mo bàjẹ́ kí àmì mi tó rí bí ara ẹtù. Mo lo iná oníbátìrì méjì, torí nígbà tí mo lo iná gbọọrọ òkè àjà, fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á ṣú.

Mo ya ogún fọ́tò tí nǹkan kan ò mira. Irọ́ tó wà ní ibi kọ̀ọ̀kan lára irin ti wálẹ̀ láti 0.4% sí 0.03%. Nígbà tí mo sì wọn láti òkè 50 mm yẹn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé mo há extensometer mọ́ ọn, kò ju 25 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo kàn ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fà á. Láti 3 kN dé 8 kN, ojú tí kámẹ́rà ń wò fún mi ní 187 GPa. Gauge ẹ̀yìn fún mi ní 221. Ká ní ọ̀kan nínú wọn nìkan ni mo ní, ǹ bá ti kọ àṣìṣe sínú ìwé mi pẹ̀lú ìgboyà. Nígbà tí mo pín strain méjèèjì dọ́gba, ó di 203.

Mà, mo rí ìlà náà. Ó yọ ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ń gòkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 1.8%, iwájú rẹ̀ ṣì wà ní 0.12%. Mo to fọ́tò rẹ̀ pọ̀ di fídíò, mo sì fi í han bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, pé tí òun bá ń tẹ irin, á kọ́kọ́ le, á wá jọ̀wọ́ níbì kan, kó tó jọ̀wọ́ níbòmíràn. Irin ọjà mẹ́ta ló kù tí n kò tíì fà, n kò sì tíì lè sọ fún un bóyá irin òde òní rọ̀ jù lóòótọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Bàbá mi ní kí n bá òun wo rọ́ọ̀dù róbótó ti 12 mm náà. Ṣé kámẹ́rà kan lè ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù

187 àti 221! Kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ bó ṣe rí, má fi 203 bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kó àwọn ogún fọ́tò yẹn síwájú gbogbo àbájáde tó kù.

Rọ́ọ̀dù róbótó le fún kámẹ́rà kan. Ara rẹ̀ ń yí kúrò lójú kámẹ́rà bó ṣe ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, ohun tó bá sì jìnnà á dà bíi pé ó sún kì. Lo ìlà tóóró àárín tó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kó má fẹ̀ ju 3 mm lọ, kó o sì wọn òkè dé ìsàlẹ̀ nìkan, má wọn ìbú. Tí rọ́ọ̀dù bá ní egungun lára, èyí tí wọ́n fi ń di kọnkéré, jẹ́ kí bàbá rẹ bá ọ fá apá kan rẹ̀ pẹlẹbẹ kó o tó kùn ún. Kí ó fá a díẹ̀díẹ̀, kí ó máa bu omi sí i, kó má gbóná. Kó o sì tún wọn bó ṣe nípọn tó níbẹ̀ kó o tó ṣírò stress (agbára tí a pín sí ìwọ̀n ojú ibi tí a gé irin ní ìbú).